Èrè Wo Ni Èrè Ilé-Iṣẹ́ Adójútòfò?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bá pàdé nínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n tí wọn kì í dúró tì. Ìwé ìròyìn a máa kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan jẹ èrè tí ó tó ìlọ́po méjì ti èṣí. Inú ẹni tí ó ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà a dùn, nítorí ó ń retí kí wọ́n pín nínú èrè náà fún òun. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tún wà tí ìròyìn náà kàn ju onípìn-ín lọ. Òun ni ẹni tí ó ti san owó, tí ó sì gbé dúkìá rẹ̀ lé ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Ìbéèrè tirẹ̀ ni pé: bí iná bá jó mi lóru òní, ṣé èrè tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ yìí lè di owó ní ọwọ́ mi? Ìbéèrè yìí ni a ó gbìyànjú láti dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí a fi àdúgbò Ladi-Lak ṣe àpẹẹrẹ, ní agbègbè Ṣómólú àti Bàrígà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Kò sí ẹni tí ó mọ Èkó dáadáa tí kò mọ̀ pé Ṣómólú jẹ́ ibùdó àwọn atẹ̀wé. Kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè sí ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, títí kan ìwé tí ẹ̀yin olùkọ́ fi ń kọ́ni, wọ́n ń tẹ̀ wọ́n níbẹ̀. Bébà, tàdáwà, epo tí a fi ń fọ ẹ̀rọ, jẹnẹrétọ̀ àti epo inú rẹ̀ ni ó máa ń kún irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, oúnjẹ iná sì ni gbogbo wọn. Àwọn àgbà ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Òótọ́ ni, nítorí pé ọba ní ìlú lẹ́yìn tí yóò bá a tún un kọ́. Ta ni ó wà lẹ́yìn atẹ̀wé Ladi-Lak?

Ìdáhùn ayé òde òní sí ìbéèrè yìí ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Ọ̀kan nínú wọn kò tilẹ̀ jìnnà sí Ladi-Lak: ní ilé 266, Òpópónà Ìkòròdú, ní Ọbaníkòró, ni olú ilé-iṣẹ́ Consolidated Hallmark Insurance fi ìdí sọlẹ̀ sí. Ìdójútòfò dúkìá ni iṣẹ́ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ọ̀ràn iná, olè, ọkọ̀, ẹrù ojú omi àti jàǹbá. Ó yàtọ̀ sí ìdójútòfò ẹ̀mí, tí àdéhùn rẹ̀ lè gba ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún kan kan ni a sábà máa ń ṣe àdéhùn ti dúkìá, tí ọdún bá sì yí po, a ó tún un ṣe.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa. Ọdún 1921 ni ilé-iṣẹ́ Royal Exchange ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1958, African Insurance Company, tí ó jẹ́ ti àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìjọba àpapọ̀ náà dá NICON sílẹ̀ ní 1969. Síbẹ̀, ìpìlẹ̀ èrò náà kò ṣe àjèjì sí àwọn baba wa. Wọ́n mọ àárò, wọ́n mọ èésú, wọ́n sì mọ àjọ. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé nínú àjọ, owó tí ìwọ fúnra rẹ dá ni ìwọ yóò kó. Nínú ìdójútòfò, ẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó dá owó, ilé ẹni kan ni ó jó, owó gbogbo wọn ni a sì fi tún ilé ẹni kan náà kọ́.

Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe máa ń ráhùn pé, 'Mo ti san owó yìí fún ọdún mẹ́wàá, kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, owó mi ti wọmi.' Ẹ jẹ́ kí a bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ léèrè: ọdẹ tí ó ń ṣọ́ àdúgbò rẹ lóru, bí olè kò bá wá ní ọdún kan, ṣé o máa ń gba owó oṣù rẹ̀ padà? Oorun tí o sùn ni o fi owó náà rà. Ṣùgbọ́n ọdẹ tí kò ní lè dìde bí olè bá dé ńkọ́? Irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ kò wúlò. Bákan náà ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò tí kò ní lè san owó lọ́jọ́ tí òfò bá ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a mọ bí a ti ń ka ìwé ìṣirò owó rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé owó tí ó wọ ilé-iṣẹ́ náà lónìí kì í ṣe tirẹ̀ tán lónìí. Ká sọ pé atẹ̀wé kan ní Ladi-Lak san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà náírà, ìyẹn ₦120,000, ní ọjọ́ kìíní oṣù October, kí wọ́n lè dójú tòfò ẹ̀rọ rẹ̀ fún oṣù méjìlá. Nígbà tí ọdún bá parí ní oṣù December, oṣù mẹ́ta péré ni ilé-iṣẹ́ náà ti fi ṣọ́ ẹ̀rọ náà. ₦30,000 ni ó tíì ṣiṣẹ́ fún. ₦90,000 tí ó kù gbọ́dọ̀ wà ní ìpamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án tí ń bọ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ná an gẹ́gẹ́ bí èrè ti ná owó iṣẹ́ tí kò tíì ṣe.

Ohun kejì ni pé gbèsè mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè. Iná lè jó ṣọ́ọ̀bù kan ní ọjọ́ 28 oṣù December, kí onílé tó rí ìwé kọ sí ilé-iṣẹ́, ọdún tuntun ti wọlé. Ọdún tí ó kọjá ni òfò náà ti ṣẹlẹ̀, inú ìwé ọdún náà ni ó sì yẹ kí ó wà. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ a máa fojú díwọ̀n irú gbèsè bẹ́ẹ̀, a sì ya owó sọ́tọ̀ fún un. Bí wọ́n bá díwọ̀n rẹ̀ kéré jù, èrè ọdún yìí yóò tóbi, ti ọdún tí ń bọ̀ ni yóò jìyà rẹ̀.

Ohun kẹta ni pé adójútòfò pàápàá ní adójútòfò tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo kò lè dá ru ẹrù ọkọ̀ òfurufú kan tàbí ti ilé ìfọpo kan. Ó máa ń fi apá kan nínú owó tí ó gbà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí wọn yóò bá a gbé apá kan nínú òfò náà bí ó bá dé. Ọ̀kan nínú irú wọn ni Africa Re, tí àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Áfíríkà fi ọwọ́ sí àdéhùn ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní 1976, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Èkó. Nítorí náà, bí ìwé ìròyìn bá sọ iye owó tí ilé-iṣẹ́ kan gbà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó dúró sí ọwọ́ rẹ̀.

Wàyí o, ẹ mú ìwé àti kálàmù. Àpẹẹrẹ tí a fẹ́ ṣe yìí, àfiṣàlàyé lásán ni, kì í ṣe ìṣirò ilé-iṣẹ́ kankan. Ẹ jẹ́ kí a pe ilé-iṣẹ́ náà ní Lágbájá. Lágbájá gba ₦100 lọ́wọ́ àwọn oníbàárà fún iṣẹ́ tí ó ṣe lọ́dún yìí. Ó fún àwọn tí ó ń bá a gbé ẹrù ní ₦30, ó ku ₦70. Nínú ₦70 yìí, ó fi ₦35 san owó òfò fún àwọn tí nǹkan ṣe. Ó fún àwọn alágbàtà tí wọ́n mú oníbàárà wá ní ₦12. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, owó ilé, owó iná àti dísù jẹ́ ₦26. Ẹ ro ó pọ̀: ₦73 ni ó jáde nínú ₦70. Lórí iṣẹ́ ìdójútòfò gan-an, Lágbájá pàdánù ₦3.

Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Owó tí ó wà ní ìpamọ́ kì í jókòó lásán. Wọ́n ti yá ìjọba nínú rẹ̀, wọ́n ti fi sí báǹkì, wọ́n sì ti fi ra ìpín àti ilé. Èlé àti owó ilé wọ̀nyí mú ₦10 wá. Lẹ́yìn èyí, Lágbájá ní dọ́là díẹ̀ ní báǹkì. Iye náírà tí a fi ń ra dọ́là gòkè láàárín ọdún, dọ́là tí kò kúrò lójú kan náà sì di ohun tí ó fi ₦15 níye lórí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ yọ ₦3 tí ó pàdánù kúrò nínú ₦25 yìí, èrè di ₦22.

Ní èṣí ńkọ́? Ní èṣí, ₦4 ni Lágbájá jèrè lórí iṣẹ́ ìdójútòfò, ìdókòwò mú ₦7 wá, dọ́là kò sì mú nǹkan kan wá. ₦11 ni gbogbo rẹ̀. Láti ₦11 sí ₦22: ìwé ìròyìn kò purọ́, èrè ti di ìlọ́po méjì lóòótọ́. Àmọ́ iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ti bọ́ láti orí èrè sí orí àdánù. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹni tí ó bá ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yìí lè sọ pé, 'Èwo ni ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí owó bí owó?' Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Apá kan iṣẹ́ adójútòfò ni kí ó fi owó tí ó wà ní ìpamọ́ ṣe ìdókòwò tí kò léwu. Dọ́là tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì wúlò, nítorí pé àwọn oníbàárà kan wà tí dọ́là ni wọ́n fi ń san owó, tí dọ́là ni wọn yóò sì gbà bí òfò bá dé. Ohun tí a ń sọ ni pé èrè tí ó ti inú iṣẹ́ wá, a lè tún un ṣe ní ọdún tí ń bọ̀. Èrè tí ó ti inú ìdíyelé dọ́là wá kò sí lábẹ́ àṣẹ ilé-iṣẹ́ náà rárá.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2023 ni ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù lọ lórí èyí. Ní oṣù June ọdún náà, ìjọba jọ̀wọ́ owó náírà kí ọjà máa díye lé e. Dọ́là kan tí ó tó nǹkan bí ₦470 ní báǹkì tẹ́lẹ̀ ti di nǹkan bí ₦900 kí ọdún náà tó parí. Ilé-iṣẹ́ tí ó ní mílíọ̀nù kan dọ́là ní ìpamọ́ rí i tí ₦470 mílíọ̀nù di ₦900 mílíọ̀nù nínú ìwé rẹ̀, láìsí pé ẹnì kan mú dọ́là tuntun kan wá. Èrè ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò sì tóbi lọ́dún náà nítorí èyí.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a padà sí Ladi-Lak. Dọ́là kan náà tí ó sọ ìwé ilé-iṣẹ́ di ńlá ni ó sọ ẹ̀rọ atẹ̀wé di ọ̀wọ́n. Òkè òkun ni ẹ̀rọ náà àti ìpààrọ̀ irin rẹ̀ ti ń wá. Ẹ̀rọ tí ó jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà nígbà tí atẹ̀wé ṣe àdéhùn lè ti di mílíọ̀nù ogún. Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ìdójútòfò iná ni ó ní òfin kan nínú, tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í kà: ìwọ̀n tí o fi dójú tòfò ni ìwọ̀n tí a ó fi san án. Bí ẹ̀rọ tí ó tó mílíọ̀nù ogún bá wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí mílíọ̀nù mẹ́wàá, ìdajì rẹ̀ ni a dójú tòfò rẹ̀. Bí iná bá wá ba nǹkan tí ó tó mílíọ̀nù mẹ́fà jẹ́ lára rẹ̀, mílíọ̀nù mẹ́ta ni ilé-iṣẹ́ yóò san. Oníbàárà yóò pariwo pé wọ́n yan òun jẹ, bẹ́ẹ̀ ni àdéhùn tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí ni wọ́n tẹ̀ lé. Ẹ̀yin tí ẹ ní dúkìá, ẹ máa tún iye rẹ̀ kọ sínú ìwé bí ọjà bá ti ń yí padà, bí owó tí ẹ ó san tilẹ̀ lé díẹ̀.

Ìlànà ìṣirò owó tuntun kan ti wá mú kí ó rọrùn fún wa láti ya èrè kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Láti ọjọ́ kìíní oṣù January ọdún 2023 ni ìlànà tí à ń pè ní IFRS 17 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó pa á láṣẹ kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa kọ ohun tí iṣẹ́ ìdójútòfò mú wá sí ìlà tirẹ̀, kí ohun tí ìdókòwò mú wá sì wà ní ìlà mìíràn. Ṣáájú èyí ni àjọ NAICOM, tí ó ń ṣe àbójútó iṣẹ́ yìí, ti fi ọwọ́ líle mú òfin mìíràn láti oṣù January 2013 pé, bí owó kò bá tíì wọlé, kò sí ìdójútòfò. Kí ó tó di ìgbà náà, àwọn ilé-iṣẹ́ a máa ta ọjà àwìn, wọn a kọ ọ́ sílẹ̀ bí owó tí ó wọlé, gbèsè náà a sì di èyí tí ẹnikẹ́ni kò san.

Kí ni ọjọ́ iwájú wá mú dání? Ọ̀rọ̀ owó ìpìlẹ̀ ni ó ṣáájú. Nígbà àtúntò tí ó parí ní 2007, ìjọba ní kí ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò dúkìá ní bílíọ̀nù mẹ́ta náírà ó kéré tán. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó lé ní 100 dín kù sí 49. Àwọn mìíràn kógbá sílé, àwọn mìíràn sì para pọ̀. Ọdún náà gan-an ni Hallmark Assurance, Consolidated Risk Insurers àti Nigerian General Insurance di ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tí a mẹ́nu kàn ní Ọbaníkòró. Ní 2008, orúkọ rẹ̀ wọ ọjà ìpín ní Èkó. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ní 2025, òfin tuntun tún jáde tí ó sọ bílíọ̀nù mẹ́ta náà di bílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní oṣù méjìlá láti pé e. Ìlọ́po márùn-ún ni, ó sì dà bí ohun tí ó pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ní 2007, nǹkan bí ₦125 ni dọ́là kan; bílíọ̀nù mẹ́ta náírà tó mílíọ̀nù 24 dọ́là. Ní 2025, dọ́là kan ti lé ní ₦1,500. Bílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà kò ju mílíọ̀nù 10 dọ́là lọ. Owó ìpìlẹ̀ tuntun náà kò tó ìdajì agbára tí ti àtijọ́ ní nígbà tí ó wà ní tuntun. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ tí ó bá pé owó náà ti wọlé ni, ṣùgbọ́n kò tíì jókòó.

Ohun kejì ni pé ọjà náà gbòòrò, ilẹ̀ ibẹ̀ ni a kò tíì ro. Ní 2023, gbogbo owó tí àwọn adójútòfò gbà ní Nàìjíríà kọjá tírílíọ̀nù kan náírà. Síbẹ̀, kò tó náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún náírà ohun tí orílẹ̀-èdè yìí ń pèsè lọ́dún. Ẹ wo ìdójútòfò ọkọ̀ tí òfin sọ di dandan. Láti oṣù January 2023, owó rẹ̀ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ara ẹni gòkè láti ₦5,000 sí ₦15,000, kí ilé-iṣẹ́ lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà fún dúkìá ẹlòmíràn tí ọkọ̀ náà bá bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni ó ń ra ìwé ayédèrú ní ẹ̀bá títì, torí pé ọlọ́pàá nìkan ni wọ́n ń rà á fún. Ọjọ́ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ni wọ́n máa ń mọ̀ pé bébà lásán ni àwọn gbé dání.

Ohun kẹta ni ìgbẹ́kẹ̀lé, òun ni ó sì wúwo jù. Nígbà rúkèrúdò oṣù October 2020, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Èkó, wọ́n sì dáná sun òmíràn. Àwọn tí wọ́n ní ìwé ìdójútòfò tí ó bo irú òfò bẹ́ẹ̀ rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Àwọn tí kò ní, ìdílé àti ọ̀rẹ́ ni wọ́n sá tọ̀. Owó tí ilé-iṣẹ́ kan bá san ní kíá fún oníṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò kan, ó polówó ilé-iṣẹ́ náà ju èrè tí a tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn lọ. Bí ó bá sì fi falẹ̀, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ tí orúkọ wọn wà ní ọjà ìpín kò gbọdọ̀ fi ìṣirò owó wọn pamọ́. Ẹ mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wọ kíláàsì, kí ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́rin nínú rẹ̀. Èkíní: lẹ́yìn tí a bá yọ èrè ìdókòwò àti ti dọ́là kúrò, kí ni iṣẹ́ ìdójútòfò mú wá? Èkejì: nínú owó tí ó dúró sí ọwọ́ ilé-iṣẹ́, mélòó ni ó padà sí ọ̀dọ̀ àwọn tí òfò ṣe, mélòó sì ni owó ọ́fíìsì gbé lọ? Ẹ̀kẹta: owó tí ó wà ní ìpamọ́ ha tó gbèsè tí ń bọ̀ bí? Ẹ̀kẹrin: àwọn ta ni ó ń bá a gbé ẹrù? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kì í ṣe ìṣirò nìkan ni ó kọ́. Ó ti mọ ohun tí yóò sọ fún bàbá tàbí ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé.

Atẹ̀wé Ladi-Lak kò bèèrè èrè tí ó di ìlọ́po méjì. Ohun tí ó bèèrè ni pé kí ọdẹ tí òun ń sanwó fún lè dìde ní òru tí a bá pè é.